Bí Ẹni Tó Ní Àtọ̀gbẹ Ṣe Lè Fi Oorun Mú Ṣúgà Òwúrọ̀ Wálẹ̀

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń bá àtọ̀gbẹ gbé ní Mararaba, ní ẹnu ibodè ìpínlẹ̀ Nasarawa àti Abuja, níbi tí ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba fi ṣe ibùgbé nítorí pé owó ilé inú ìlú ju agbára wa lọ. Ní ọdún kẹrin, ṣúgà mi òwúrọ̀ kọ̀, kò wálẹ̀. Mo ti dín ẹ̀bà kù, mo ti pa ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì pátápátá, n kì í fo oògùn, síbẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń kọ fún mi ní kùtùkùtù kò yé jẹ́ 176, 189 tàbí 194 (mg/dL ni ìwọ̀n tí ẹ̀rọ mi fi ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀). Wọ́n ti ń múra láti fi oògùn kẹta kún méjì tí mò ń lò nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà kan bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: "Bàbá, aago mélòó lẹ máa ń sùn, aago mélòó lẹ sì ń jí?" Mo dáhùn pé aago mọ́kànlá àbọ̀ ni mò ń sùn, aago mẹ́rin ni mò ń jí, kí n lè kọjá Nyanya kí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n lọ ra ìwé kékeré kan, kí n máa kọ oorun mi sí ẹ̀gbẹ́ ṣúgà mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n tó padà wá.

Ìwé kékeré yẹn ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, pé òǹkà tí a ń rí lójú ẹ̀rọ ní òwúrọ̀ jẹ́ ìròyìn gbogbo òru tó kọjá, kì í ṣe ìròyìn oúnjẹ alẹ́ nìkan. Àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ ni mo kọ àwọn ìgbésẹ̀ yìí fún, pàápàá ẹni tó ní irú kejì, èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa. Wọn kò rọ́pò dókítà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ torí wọn dín oògùn rẹ̀ kù tàbí kí ó fi kún un fúnra rẹ̀. Aláboyún àti ọmọdé ní ìlànà tiwọn lọ́dọ̀ dókítà wọn.

Ohun tí òru ń ṣe sí ṣúgà

Bí a ti ń sùn, ẹ̀dọ̀ ń rọra tú ṣúgà tó ti kó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kí ọpọlọ àti ọkàn lè rí nǹkan lò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Láti nǹkan bí aago mẹ́ta òru títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, àwọn họ́mọ̀nù, èyíinì ni èròjà tí ara fi ń rán iṣẹ́ sí ẹ̀yà ara, bíi cortisol àti họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè máa ń pọ̀ sí i láti múra ara sílẹ̀ fún jíjí, wọ́n á sì mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sí i. Ara tó dá ṣáṣá yóò pèsè ínsúlínì, họ́mọ̀nù tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tó lè kojú rẹ̀. Ní ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ínsúlínì yẹn kò tó, tàbí kí ara má gbọ́ràn sí èyí tó wà nílẹ̀. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè fi 120 sùn, kí ó fi 170 jí, láìfi nǹkan kan ẹnu lóru.

Àìsùn tó ló ń sọ ọ̀ràn yìí di ńlá. Ní ọdún 1999, Karine Spiegel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀dọ́kùnrin 11 tí ara wọn dá, tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n lo wákàtí 4 péré lórí ibùsùn fún òru 6. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, bí ara wọn ṣe ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ti falẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 sí ti ìgbà tí wọ́n sun àsùntó. Àwọn wọ̀nyí kò ní àtọ̀gbẹ rárá o. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Leiden, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, fi hàn pé òru kan ṣoṣo tí ènìyàn fi wákàtí 4 sùn ti tó láti mú kí ara ṣe orí kunkun sí ínsúlínì ní ọjọ́ kejì. Àìsùn tún máa ń gbé ebi dìde: họ́mọ̀nù tó ń pe ebi á pọ̀, èyí tó ń sọ fún wa pé a ti yó á dín, ọwọ́ á sì máa lọ sí búrẹ́dì àti bisikíìtì.

Ṣúgà náà ń gbẹ̀san lára oorun. Bó bá ti kọjá nǹkan bí 180 mg/dL, kíndìnrín kò lè gba gbogbo rẹ̀ padà mọ́, á máa dà á sínú ìtọ̀, omi á sì bá a jáde. Ènìyàn á dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, òùngbẹ á gbẹ ẹ́, á mu omi, á tún dìde. Bí èkíní ṣe ń ba èkejì jẹ́ nìyẹn, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ òru yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ ra ìwé kékeré, ẹ fa ìlà sí i. Lójoojúmọ́, ẹ kọ aago tí ẹ jẹun alẹ́ àti ohun tí ẹ jẹ, aago tí ẹ pa iná, iye ìgbà tí ẹ dìde lóru àti ohun tó jí yín, aago tí ẹ jí pátápátá, àti ṣúgà yín kí ẹ tó jẹ tàbí mu ohunkóhun. Bí ẹ bá ṣe jí ni kí ẹ kọ ọ́, nítorí pé bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, a ti gbàgbé ìdajì rẹ̀. Ẹ má ṣe yí ohunkóhun padà ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí. Bí ayé yín ṣe rí gan-an ni a ń wá, kì í ṣe bí ẹ ṣe fẹ́ kí dókítà rò pé ó rí.

Ẹ wo ojú ẹ̀rọ yín dáadáa, nítorí àwọn kan ń kọ mg/dL, àwọn mìíràn ń kọ mmol/L. Bí tiyín bá jẹ́ mmol/L, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18 kí ó lè di mg/dL. 7 mmol/L jẹ́ 126 mg/dL. Ohun tí American Diabetes Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀ràn àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà, là kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lóyún ni 80 sí 130 mg/dL kí a tó jẹun, àti èyí tí kò tó 180 ní wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Dókítà lè fún arúgbó, tàbí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ lójijì, ní òǹkà tó rọ̀ ju èyí lọ.

Nínú ìwé tèmi, ohun àkọ́kọ́ tó hàn ni pé òǹkà àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ tí n kì í sáré bá ọkọ̀, máa ń fi 30 sí 40 dín sí ti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Oúnjẹ kan náà ni, oògùn kan náà ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi òru mẹ́ta wádìí irú gíga tí ṣúgà yín ń ga

Àwọn pépà ìdánwò tí à ń kì bọ ẹ̀rọ, èyí tí à ń pè ní sítíríìpù, wọ́n owó, mo mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyí tí n kò fi ní sọ pé kí ẹ máa gún ìka lóròòru. Mẹ́sàn-án péré ni ìgbésẹ̀ yìí yóò gbà. Ẹ yan òru mẹ́ta tí kò tẹ̀ lé ara wọn, kí jíjí láti wọn ṣúgà má baà di ohun tí ń ba oorun jẹ́. Ní òru kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn ọ́n kí ẹ tó sùn, ẹ wọn ọ́n ní aago mẹ́ta òru, kí ẹ sì wọn ọ́n bí ẹ bá jí.

Bí ó bá ti ga kí ẹ tó sùn, tí ó ṣì ga ní aago mẹ́ta, tí ó sì ga láàárọ̀, oúnjẹ alẹ́ tàbí oògùn ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Bí ó bá dára nígbà tí ẹ ń sùn, tí ó dára ní aago mẹ́ta, ṣùgbọ́n tí ó ga nígbà tí ẹ jí, àwọn họ́mọ̀nù àfẹ̀mọ́júmọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni, ibẹ̀ sì ni àtúnṣe oorun ti máa ń sèso jù. Ṣùgbọ́n bí òǹkà aago mẹ́ta bá wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL, ọ̀ràn náà ti kúrò ní ti ìwé kíkọ. Oògùn lè ti lágbára jù fún yín, tàbí kí oúnjẹ alẹ́ kéré jù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí mo ṣe máa ṣàlàyé nísàlẹ̀, kí ẹ sì kàn sí dókítà yín ní ọjọ́ náà gan-an, kódà bí ti àárọ̀ bá ga. Ẹni tí kò bá wọn ṣúgà ní aago mẹ́ta lè rí 190 láàárọ̀, kí ó bẹ̀bẹ̀ fún oògùn sí i, nígbà tó jẹ́ pé oògùn náà ló ń já a wálẹ̀ lóru.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka wákàtí sẹ́yìn láti aago tí ẹ gbọ́dọ̀ jí

Bí ẹ kò bá lè ṣe ju ìgbésẹ̀ kan lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, èyí ni kí ẹ ṣe. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán. Ẹ mú aago tí ẹ gbọ́dọ̀ jí, kí ẹ ka wákàtí méje àbọ̀ sẹ́yìn, nítorí pé a kì í sùn lọ bí a bá ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lórí ibùsùn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn ìlú bíi Masaka, Lugbe tàbí Kubwa yóò sọ: aago mẹ́jọ ni òun ń wọlé, nígbà mìíràn mẹ́sàn-án. Ohun kan náà ni mo sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn. Àwọn ohun tó ṣeé ṣe fún mi nìyí. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi, mo fi ìwé dókítà há a, mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbà mí láàyè láti máa dé ní aago mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n gbà. Mo bá àwọn aládùúgbò méjì dá ọkọ̀ pọ̀, kí n má baà máa wa ọkọ̀ lójoojúmọ́. Mo gé ìròyìn aago mẹ́wàá lórí tẹlifíṣọ̀n kúrò, mo sì ń fi fóònù sí pálọ̀, mo ra aago tí ń dún sí yàrá. Iṣẹ́ ilé àti ìwé ọmọ tó yẹ kí n bójú tó, mo kó wọn lọ sí Sátidé. Gbogbo rẹ̀ fún mi ní wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Láàárín oṣù méjì, òǹkà òwúrọ̀ mi ti ń wà láàárín 130 sí 150. Kò tíì wọ ibi tó yẹ kó dé pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn kẹta yẹn dúró ná.

Ẹ má ṣe fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ ní alẹ́ kan. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tètè sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ dúró lé e fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ tún fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn tètè sùn. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí aago jíjí fi ju wákàtí kan lọ yàtọ̀ sí ti ọjọ́ iṣẹ́. Bí ojú bá ń kún yín lọ́sàn-án, ẹ rẹjú fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò jí oorun alẹ́ gbé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tètè jẹun alẹ́, kí ẹ sì pín in

Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà tàbí tuwo ńlá ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, tó sì sùn ní aago mẹ́wàá, yóò sùn lé oúnjẹ tí ara kò tíì dà. Ṣúgà yóò máa gòkè nínú oorun, ikùn yóò máa ru, á máa jí. Kí oúnjẹ tó wúwo fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú oorun ni ó dára jù. Nítorí ti sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ohun tí èmi ń ṣe ni pé mò ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí n tó bọ́ sójú ọ̀nà, mo máa ń jẹ mọ́ínmọ́ín méjì tàbí ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja, ìyẹn sì ni oúnjẹ alẹ́ mi gan-an. Bí mo bá délé, ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ẹja tàbí ẹyin, àti ẹ̀kọ kékeré kan bí ebi bá ń pa mí. Kò rọrùn fún ìyàwó mi ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ní tiwa, ẹni tó dé láti ibi iṣẹ́ tí kò jẹ òkèlè dà bí ẹni tó ń bínú. A jọ lọ rí nọ́ọ̀sì náà, ó sì yé e.

Ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí oògùn tó lè já ṣúgà wálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí aago oúnjẹ padà kí ó tó bi dókítà rẹ̀, nítorí pé oògùn àti oúnjẹ jọ ń rìn ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun mímu tí a kì í kà sí oúnjẹ: kunu àti fura tí wọ́n ti fi ṣúgà sí, zobo aládùn, ọ̀gì oníṣúgà kí a tó sùn. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún; iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí àdúgbò kò bá ṣeé rìn lálẹ́, inú ọgbà ilé tó. Eré ìdárayá líle ní alẹ́ kò dára fún ẹni tó ń gún ínsúlínì, nítorí pé ó lè já ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ ní ọ̀gànjọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Obì, tíì, ọtí àti oògùn oorun

Obì tí àwọn ará Hausa ń pè ní goro, tí wọ́n ń fi ṣe àlejò fún wa ní gbogbo ibi tí a bá dé níhìn-ín, ní káfíìnì nínú, gẹ́gẹ́ bí kọfí àti tíì ti ní. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì káfíìnì náà ṣì lè wà nínú ara. Nítorí náà, ẹ gba goro ìrọ̀lẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀, kí ẹ fi sí àpò di àárọ̀. Lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, omi ló kù, ẹ sì mu púpọ̀ rẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́, kí ẹ má baà máa dìde tọ̀.

Ọtí máa ń gbé ènìyàn sùn, ṣùgbọ́n ó máa ń jí i ní ìdajì òru, ó sì máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti tú ṣúgà sílẹ̀ nígbà tó bá yẹ. Fún ẹni tó ń lo ínsúlínì, glibenclamide tàbí glimepiride (oògùn oníhóró méjì tó ń mú kí ara pèsè ínsúlínì sí i), ewu gidi ni. Àgbo àtọ̀gbẹ tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ náà kò yẹ kó bá oògùn wọnú ara lálẹ́. Oògùn oorun tí a kàn ra ní kẹ́míìsì lè pa ẹni tí mímí rẹ̀ máa ń dí lójú oorun lára. Ẹ má ṣe lò ó láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Yàrá

Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ooru Abuja kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, pàápàá bí iná kò bá sí. Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó dojú kọ ara wọn, ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ fi omi tútù wẹ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì gbé ibùsùn jìnnà sí ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa. Ooru kan náà máa ń ba ínsúlínì jẹ́. Èyí tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n otútù 2 sí 8 lórí Celsius, kó má sì dì. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ pípẹ́, ẹ bi apòògùn yín bí èyí tó wà nílé ṣì ṣeé lò, kí ẹ tó dá oorun lẹ́bi fún ṣúgà tó ga.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ múra sílẹ̀ de ṣúgà tó já wálẹ̀ lóru

Ẹni tó jẹ́ pé metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀, nìkan ló ń lò kì í sábà ní ìṣòro yìí. Ẹni tó ń lo ínsúlínì, glibenclamide tàbí glimepiride ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá bó bá ti dàgbà tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára mọ́. Àmì rẹ̀ lóru ni òógùn tó rin aṣọ gbingbin bí kò tilẹ̀ sí ooru, àlá burúkú, ìgbọ̀nrìrì, àyà tó ń lù kìkì, àti jíjí pẹ̀lú orí fífọ́ tàbí ọkàn tó dàrú. Ọ̀pọ̀ ń sọ irú àlá bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn àwọn aráyé, wọ́n á sì máa gbààwẹ̀ lé e lórí, èyí tó tún ń já ṣúgà wálẹ̀ sí i. Ẹ gbàdúrà yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gún ìka.

Ẹ gbé ẹ̀rọ, iná tọ́ọ̀ṣì, ife omi àti ṣúgà kóró sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, níbi tí ọwọ́ lè tó o nínú òkùnkùn. Bí òǹkà bá wà nísàlẹ̀ 70, ẹ po ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́ta sínú omi ìdajì ife, ẹ mu ún. Ìdajì ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà náà tó. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wọn ọ́n. Bí kò bá tíì kọjá 70, ẹ tún un ṣe. Nígbà tó bá gòkè, ẹ jẹ búrẹ́dì bíbẹ́ kan pẹ̀lú ẹ̀pà, kí ó má baà tún já kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣokoléètì kò yá tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí ọ̀rá inú rẹ̀.

Kí ẹni tí ẹ jọ ń sùn mọ gbogbo èyí ṣáájú. Bí ẹ kò bá dáhùn mọ́, tàbí tí ẹ kò lè gbé nǹkan mì, kó má da ohunkóhun sí yín lẹ́nu. Kó yí yín sí ẹ̀gbẹ́, kó sì gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ bá aládùúgbò tó ní ọkọ̀ sọ ọ́ ní ọ̀sán gangan, kí ẹ má baà máa wá ọkọ̀ ní aago méjì òru.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ bi ará ilé yín bóyá ẹ máa ń han-an-run

A gbà pé ẹni tó ń han-an-run ń gbádùn oorun àsùnwọra. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì, pàápàá ẹni tó sanra, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun máa ń dí lójú oorun, mímí á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ á dín, ara á sì ta gìrì bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, á tú họ́mọ̀nù ìpayà jáde, ṣúgà á gòkè. Èyí lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Bó tilẹ̀ sun wákàtí mẹ́jọ, yóò jí bí ẹni tí kò sùn tó.

Ẹ jẹ́ kí ará ilé fetí sílẹ̀: ṣé híhan-an-run máa ń dákẹ́ lójijì, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èémí ńlá? Ṣé orí máa ń fọ́ yín láàárọ̀, tí ọ̀fun máa ń gbẹ, tí ẹ sì ń tòògbé nínú ìpàdé, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí? Bí ẹ bá fi tépù yí ọrùn yín ká, ṣé ó tó sẹ̀ǹtímítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ lọ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n lè darí yín síbi tí wọ́n ti ń yẹ oorun wò. Ìwòsàn rẹ̀ ni dídín ara kù, fífi ẹ̀gbẹ́ sùn, àti ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú lóru. Kí ìwòsàn tó dé, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọ̀nà Abuja sí Lokoja tí àwa tó ń lọ sílé ń gbà kò fi àyè sílẹ̀ fún awakọ̀ tó ń tòògbé.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹsẹ̀ tó ń jó bí iná lóru

Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń jó tàbí tí ó ń ta yín bí abẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà ti pa iṣan ìmọ̀lára lára. Ẹ má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, nítorí pé ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan dáadáa mọ́ lè bó láìmọ̀. Oògùn wà fún ìrora náà, dókítà ló sì ń kọ ọ́. Púpọ̀ nínú wa ń fara da á fún ọdún pípẹ́ láìsọ.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Àwọn òru tí a kò lè sùn

Ní oṣù Ramadan, kí mùsùlùmí tó ní àtọ̀gbẹ rí dókítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú, kí wọ́n lè yí aago àti ìwọ̀n oògùn padà. Al-Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn láti má gbààwẹ̀. Ẹni tí dókítà bá gbà láàyè, kó sùn gbàrà tó bá ti kírun àsàmù tán, kó jẹ sààrì súnmọ́ àfẹ̀mọ́júmọ́, kó sì rẹjú lọ́sàn-án. Bí ṣúgà bá já sísàlẹ̀ 70 tàbí tó kọjá 300, kó ṣínu lójú ẹsẹ̀, ìgbà yòówù kí ó jẹ́.

Fún ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹun, ẹ lo oògùn ní aago rẹ̀, ẹ mú ẹ̀rọ àti ṣúgà kóró lọ́wọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù. Mo ti bá pásítọ̀ wa sọ ọ́, kò sì bínú.

Mégàádì, nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń yan búrẹ́dì lóru ni ọ̀ràn yìí le fún jù. Ẹ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ẹ sùn ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì rí i pé dókítà mọ̀ pé òru lẹ ń ṣiṣẹ́, nítorí pé "láàárọ̀ àti lálẹ́" tí wọ́n kọ sára oògùn lè má bá ọjọ́ tiyín mu.

Ìgbésẹ̀ kọkànlá: Ẹ gbé ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn

Ìyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìjọba kì í pẹ́, èrò pọ̀. Ẹ kọ ohun mẹ́rin sí ojú ewé kan kí ẹ tó wọlé: iye wákàtí tí ẹ ń sùn, òǹkà òru mẹ́ta yẹn, iye ìgbà tí ẹ ń dìde, àti bóyá ẹ ń han-an-run. Ẹ bèèrè bóyá aago oògùn kan ṣeé yí padà kí wọ́n tó fi òmíràn kún un. Bí ẹ bá ń bì, tí ẹ ń mí sókè-sódò, tí oorun burúkú ń gbé yín lọ pẹ̀lú ṣúgà tó ga, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìyẹ̀wò, ẹ lọ ní òru náà.

Àyẹ̀wò tí à ń pè ní HbA1c máa ń fi bí ṣúgà ti rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn, nítorí náà kò lè sọ nǹkan gidi fún yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ọjọ́ méjèèjì sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé kékeré náà lónìí.